Ọjọ́ Tí Ìyá Ọlọ́ṣẹ Kò Polówó

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú ìjókòó, mo sì kí yín kú àìrẹ́ni-bá-sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ìkíni kejì yẹn ló bá yín mu jù. Télọ̀ ọ̀rẹ́ yín sọ fún mi pé ẹ ti ju fóònù yín sínú àpótí, pé ẹ ní ẹni tó bá fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ kó wá jókòó síwájú yín, tàbí kó kọ ọ́ sórí ìwé. Mi ò dá yín lẹ́bi. Ẹ̀yin àti sọ́míìlì lẹ jọ pín etí yẹn. Ẹ̀rọ ìlagi mú tirẹ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún yín. Èmi náà ti gbé bírò báyìí.

Ó ti pé ọdún kan tí Màámi ti lọ. Lọ́jọ́ tó pé, mo lọ síbi iṣẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ wa gbé korobá ọṣẹ kọjá lẹ́yìn mi, òórùn rẹ̀ kàn gbá mí lọ́wọ́ mú bí ẹni pé Màámi ní ó yá, ká máa lọ. Mo dìde, mo lọ dúró nídìí fèrèsé títí ara mi fi rọlẹ̀.

Ìròyìn mi nìyí. Wọ́n ti gbé mi kúrò níbi tí mo ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìpolówó ni iṣẹ́ mi. Ọ̀gá wa ní ẹni tó bá lè pẹ̀tù sí oníbàárà tó ń bínú nínú yóò lè ta ọjà fún un. Inú mi dùn, àyà mi sì ń já díẹ̀. Ẹ bá mi fi sínú àdúrà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ fi etí yẹn han dókítà. Ẹ má sọ pé ẹ ò ráyè. Mo mọ̀ pé ẹ ráyè.

Èmi ni Àbíkẹ́yìn yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejì

Àbíkẹ́yìn mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ara mi le, etí mi wà bó ṣe wà. Mo kà á dé ibi tí o ti dárúkọ iṣẹ́ tuntun náà, mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà. Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà.

Ìpolówó, kẹ̀? Ṣé nítorí kí o lè máa kiri ọjà ní ìlú onílùú la ṣe rán ọ nílé ìwé? Ìyá rẹ ru àtẹ ọṣẹ títí ọrùn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú èjìká. Tó bá sọ ọ́ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́, èmi ni mo máa ń bá a wọ́ ọrùn náà, pẹ̀lú ọwọ́ mi tó kún fún ìyẹ̀fun igi. Ohun kan náà ló máa ń sọ: "Ọrùn yìí ló máa ru ẹrù kẹ́yìn nínú ẹbí wa. Àbíkẹ́yìn yóò jókòó ṣiṣẹ́ ni." Ó sọ ọ́ títí ó fi dà bí orin létí mi. Inú mi dùn pé kò sí níbí láti ka lẹ́tà rẹ, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ nìyẹn.

Mo ṣe àṣìṣe kan: mo fi han Télọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí ló wá burú níbẹ̀, pé bí ìyá ṣe kiri náà ni ọmọ ń kiri, àfi pé ti ọmọ wọ ọkọ̀ òfurufú. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbé ṣòkòtò mi fún un rán mọ́. Èyí tó ya ni mò ń wọ̀.

Ó dára, ohun tó bá ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Kí ni ọjà náà? Ṣé ó wúwo? Ṣé àdúgbò ibẹ̀ ní òkè púpọ̀? Wá bàtà tí kò ní gìgísẹ̀, kí o sì ká òṣùká rẹ nípọn. Bí ẹnikẹ́ni bá pè ọ́ pé kí o gbé ọjà wọlé wá, dúró sí ẹnu ọ̀nà, kí ó jáde wá bá ọ. Òfin ìyá rẹ nìyẹn, kò sì yẹ̀ ẹ́ rí.

Bó bá jẹ́ pé ìtìjú ni kò jẹ́ kí o sọ bí nǹkan ṣe rí fún mi tán, má tijú mi. Kọ̀wé kíákíá.

Bàbá rẹ.


Ogúnjọ́, oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrònú o. Mo ka lẹ́tà yín nínú ọkọ̀, mo rẹ́rìn-ín títí ẹni tó jókòó tì mí fi sún kúrò. Nígbà tí mo dé ibi òṣùká, ẹ̀rín yẹn yí padà di nǹkan mìíràn.

Ẹ fọkàn balẹ̀. Orí àga ni mo ti ń polówó. Gbogbo ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ ń gbà jẹ́ kí ayé mọ̀ pé òun ní ọjà, ìpolówó náà ni wọ́n ń pè é: pátákó ẹ̀bá títì, ohùn orí rédíò, àwòrán orí fóònù. Ọ̀rọ̀ Màámi náà ni. Àwa ọlọ́fíìsì la yá a lò.

Ẹ bi mí bóyá ọjà náà wúwo. Kò wúwo rárá, ìṣòro rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ètò kọ̀ǹpútà ni. Ẹ rántí bí Télọ̀ ṣe máa ń dá ọjọ́ fún èèyàn, tí a ó dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà tí aṣọ kò tíì ní apá? Nítorí irú rẹ̀ ni a ṣe ṣe é. Orí fóònù ẹni tó ń tún nǹkan ṣe ló ń gbé. Tó bá ti tún bàtà tán, tàbí aago, tàbí aṣọ, yóò tẹ ibì kan, ètò náà yóò sì pe ẹni tó ni nǹkan, yóò fi ohùn èèyàn sọ fún un pé ó ti ṣe tán, kó máa bọ̀. Kò ṣe ju ìyẹn lọ, ó sì ń ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n kò ṣeé gbé lé àtẹ. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kò sẹ́ni tó lè fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. A kò rí i tà.

Àwa márùn-ún la wà nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà, gbogbo ìwé wa ló ń rùn bí ògiri tuntun. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ń ta ohun tó jọ tiwa, pátákó tirẹ̀ ga ju òrùlé lọ, a kò lè bá wọn du ìyẹn. Ni ọ̀gá wa bá ní kí olúkúlùkù wá ọ̀nà ìpolówó tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò rí. Ọ̀kan nínú wa ní kí a kọ orúkọ ètò náà sí inú agbòjò, kí a máa fi ta èèyàn lọ́rẹ nígbà òjò, pé ẹni tó wà lábẹ́ agbòjò kò ní ibòmíràn tí yóò wò. Òmíràn ní kí a kó bàtà ẹsẹ̀ òsì nìkan sí ẹ̀gbẹ́ títì káàkiri, kí a kọ ọ́ sára wọn pé "Ìkejì mi ti ṣe tán, ẹ wá mú un." Ẹnì kẹta ní kí ọ̀gá jókòó sí àárín ọjà kó fá irùngbọ̀n rẹ̀ ní ìdajì, kó ní òun yóò fá ìyókù nígbà tí ọjà bá tà. Ọ̀gá ní irùngbọ̀n òun kì í ṣe ti ilé iṣẹ́.

Èmi nìkan ni mi ò tíì mú nǹkan kan wá. Bàbá, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹ̀rín fún mi. Tí a kò bá rí ẹni rà títí ìparí oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ó ti yàrá wa pa. Iṣẹ́ yìí ni ìwé ìgbélùú mi so mọ́. Bí iṣẹ́ bá lọ, èmi náà gbọ́dọ̀ máa bọ̀ nílé, láì tíì fìdí kan múlẹ̀.

Lẹ́tà yín ló wá là mí lójú. Mò ń wá ọ̀nà ìpolówó kiri, mo sì jẹ́ ọmọ Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Ohùn wọn tó ń kọjá lẹ́yìn ògiri ilé ìwé wa ni mo rántí, kì í ṣe ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ fún mi.

Àbíkẹ́yìn yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù Karùn-ún

Àbíkẹ́yìn mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ tó wà lókè ọ̀dà. Mo ti gbé ṣòkòtò fún Télọ̀. Mo ṣàlàyé ọjà rẹ fún un, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní ẹnì kan ló fi òun sùn yín, pé ta ni yóò fi owó ara rẹ̀ ra ẹ̀rọ tí yóò máa jẹ́rìí ta kò ó.

O ní kí n sọ ọ̀nà ìyá rẹ. Ó pẹ́ kí n tó mọ ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ ohùn rẹ̀ kí n tó mọ ojú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ sọ́míìlì wa ni ọ̀nà tó máa ń gbà, ayùn ńlá yẹn sì ń gbé ohùn gbogbo oníkiri mì. Wọn a máa pariwo, wọn a máa la ọ̀fun, a kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ìyá rẹ kì í bá ayùn jà. Tí ayùn bá la gẹdú kan tán, tó bá ń fà sẹ́yìn kí a tó ti òmíràn sí i, ìdákẹ́ kékeré kan máa ń wà níbẹ̀, kò ju kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀kan lọ. Ibẹ̀ ló ń fi ohùn rẹ̀ sí. Àwọn ọkùnrin tó wà nídìí igi a gbọ́ ọ kedere bí ẹni pé inú ilé ló wà. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo fi ń ti gẹdú pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, kí ìdákẹ́ yẹn lè gùn sí i. Ọ̀gá sọ́míìlì rò pé iṣẹ́ ló ti sú mi.

Ọ̀nà tirẹ̀ ni pé kì í polówó ọṣẹ. Oníbàárà ló ń polówó. Gbogbo oníkiri ló ń pariwo pé ọjà àwọn dára. Ìyá rẹ kò tilẹ̀ dárúkọ ọṣẹ. Tó bá dé ojúlé olùkọ́ ìgbà náà, yóò ní, "Olùkọ́ tí kọ́là rẹ̀ funfun ju ṣọ́ọ̀kì lọ, mò ń kọjá o." Tó bá dé ojúlé obìnrin tó bí ọkùnrin mẹ́rin, yóò ní, "Ìyá àwọn tó ń bá ẹrẹ̀ jà, tí ẹrẹ̀ kò dá wọn rí." Ta ló gbọ́ irú ìyẹn tí yóò jókòó sínú ilé? Olùkọ́ yẹn kò jẹ́ wọ kọ́là tó dọ̀tí mọ́, nítorí pé gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Mo bi í léèrè ohun tó máa sọ tó bá dé ojúlé tèmi. Ó ní òun kò tíì rí nǹkan kan tó mọ́ lára mi.

Mú ìyẹn lò. Má polówó ọjà. Polówó ẹni tí yóò rà á.

Ọ̀nà kan ṣì kù, èyí tó lágbára jù. N ó kọ ọ́ nígbà mìíràn. Ọwọ́ ń ro mí.

Mo ti gbá yàrá rẹ. Pákó fèrèsé tó ti jẹrà, mo ti pààrọ̀ rẹ̀, igi tó le ni mo fi sí i. Bí wọ́n bá ti yàrá tiyín pa, má jẹ́ kó dùn ọ́ jù. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú ọwọ́ ríro. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ gẹdú tí ẹ ń ti pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ yẹn rí. Màámi kò sọ ọ́ fún mi rí, bóyá wọn kò tilẹ̀ mọ̀.

A lo ọ̀nà wọn. Mo kọ ìyìn sórí ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ fún oníṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan tó wà ní òpópónà wa, a lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri ẹnu ọ̀nà wọn kí wọ́n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, láìdárúkọ ilé iṣẹ́ wa rárá. Ti ọkùnrin aránbàtà ni pé, "Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín ni kò jẹ́ kí òkúta rí ẹsẹ̀ wa gún." Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Ó dúró síwájú rẹ̀ bí ẹni tí ọlọ́pàá lẹ ìwé mọ́ ilé rẹ̀, ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó fà á ya. Ó sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé ẹni tó bá yin èèyàn láàárọ̀ ń bọ̀ wá tọrọ nǹkan lọ́sàn-án. Nígbà tí èmi náà sì yọ lọ́sàn-án láti wá bá a sọ̀rọ̀ ọjà, ó kàn nawọ́ sí mi ni, ó ní, "Ẹ ò rí i?"

Bàbá arúgbó tó ń tún aago ṣe kò fa ìwé tirẹ̀ ya. Ó ṣì wà lára ògiri, mo sì rí i pé ó ti ń nu gíláàsì ojú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n òun náà kò rà.

Níbí, a kì í fi ohùn òkè yin ẹni tí a kò mọ̀. Ohùn Màámi ni àwọn aládùúgbò wa nílé ti mọ̀ kí wọ́n tó gba ìyìn wọn; èmi kàn yọ sí àwọn ti ibí ni. Ọ̀gá wá ní kí a fún gbogbo wọn ní ètò náà lọ́fẹ̀ẹ́ fúngbà díẹ̀, ó sì ní kí n wá fi ohùn ara mi sí i, nítorí èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ le bí ti sójà. Ohùn mi ló ń pe gbogbo àdúgbò báyìí pé kí wọ́n wá mú bàtà wọn.

Ẹ ní ọ̀nà kan kù. Mo ń dúró dè é.

Àbíkẹ́yìn yín.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Keje

Bàbá mi,

Mi ò rí èsì yín. Mo pe Télọ̀ láti mọ̀ bóyá ara yín kò yá. Ó ní ara yín yá ju ti òun lọ, pé ẹ jókòó síwájú ilé, ẹ ń fi ráńdà fá ilẹ̀kùn yàrá mi, pé ẹ ti fá a títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di pépà.

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń lo ètò náà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn ò fẹ́ rà á. Oṣù Kẹsàn-án ń sún mọ́lé, ọ̀gá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa sọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn títí. Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí n padà wálé ni? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ wí i. Ẹ má dákẹ́ sí mi.

Àbíkẹ́yìn.


Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹjọ

Àbíkẹ́yìn mi,

Télọ̀ kò parọ́. Ilẹ̀kùn náà ti fẹ́lẹ́, ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, ó ń gbọ̀n.

O bi mí bóyá mo fẹ́ kí o padà wálé. Mo fẹ́. Kò sí ọjọ́ kan tí mi ò fẹ́. Nígbà tí o kọ̀wé pé bí ọjà kò bá tà wàá máa bọ̀, mo ka ìlà yẹn ju gbogbo ìyókù lọ. Mo mọ ọ̀nà tó kù. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá kọ ọ́, tó bá ṣiṣẹ́, ọ̀hún ni wàá wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fá ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń fá ilẹ̀kùn kò lè kọ̀wé.

Lánàá ni mo bi ara mi pé bí ìyá rẹ bá wà láàyè, tí o sì kọ irú lẹ́tà yìí sí i, ṣé yóò fi oúnjẹ alẹ́ ṣíwájú èsì? Mo gbé ráńdà sílẹ̀.

Gbọ́ o. Ìgbà kan wà tí ọ̀fun ń dun ìyá rẹ, tí kò lè fọhùn. Ó ru àtẹ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó gba ọ̀nà tó máa ń gbà. Ọjà wà lórí, ẹsẹ̀ ń lọ, ẹnu dákẹ́. Ó rò pé òun kò ní tà. Àwọn obìnrin gbé ìkòkò kalẹ̀ lórí iná, wọ́n jáde sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá àwọn tó ń bá ẹrẹ̀ jà sáré tẹ̀ lé e pé ta ló ṣẹ̀ ẹ́. Àwa ní sọ́míìlì la gẹdú kan tán, ayùn fà sẹ́yìn, a tẹ́tí, a kò gbọ́ nǹkan kan nínú ìdákẹ́ yẹn. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ pa á. Gbogbo wa jáde sí títì pẹ̀lú ìyẹ̀fun igi lórí. Ó dúró níbẹ̀, ó ń nawọ́ sí ọ̀fun rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín láìsí ohùn. Àtẹ rẹ̀ ṣófo kó tó dé ìkóríta. Ẹni tí ọṣẹ kò tíì tán nílé rẹ̀ pàápàá ra ọṣẹ, kó lè rí ìdí dúró tì í.

Nígbà tó dé ilé, ó rọra sọ ọ́ sí mi létí, èyí tó ṣì ń gbọ́ràn nígbà náà: "Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ mi."

Láti ìgbà náà, ó máa ń dákẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kódà tí ọ̀fun kò dùn ún. Kò sí ọjọ́ tó ń tà tó ọjọ́ tí kò polówó. Ṣùgbọ́n òfin wà níbẹ̀, má sì kọjá rẹ̀. A kì í dákẹ́ fún ẹni tí kò tíì mọ ohùn ẹni. Ní àdúgbò tó ṣàjèjì sí i, ó ń pariwo bí gbogbo oníkiri ni. Àti pé kò fi ọjà pamọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ohùn nìkan ló ń fi pamọ́. Ẹni tó bá nílò ọṣẹ yóò rí ọṣẹ rà.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ lẹ́yìn ìsìnkú. Ní àkókò tó máa ń kọjá láàárọ̀, àwọn ará àdúgbò ṣì ń jáde sí ẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á tún wọlé. Nígbà tó yá, wọn ò jáde mọ́. Èèyàn ní láti gbé ayé rẹ̀. Èmi ṣì ń jáde. Etí mi ti lọ, nítorí náà gbogbo òpópónà ló dákẹ́ fún mi, oníkiri, ọkọ̀, ọmọdé, gbogbo wọn. Mo máa ń dúró níbẹ̀, n ó sì máa ṣe bí ẹni pé ìyá rẹ ló ń kọjá, pé ọjọ́ náà kàn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ tí kò polówó ni.

Ó ti di tìrẹ. Lọ lò ó.

Bàbá rẹ.


Ọgbọ̀njọ́, oṣù Kẹwàá

Bàbá mi, ọkọ Ìyá Ọlọ́ṣẹ,

Ẹ forí jì mí pé mo pẹ́. Lẹ́tà yín bá mi ní ọ́fíìsì, mo sì kà á níbẹ̀. Nígbà tí mo wá sọ ọ̀nà náà fún wọn, ọ̀gá ní ṣé orí mi pé, pé ta ló ń pa ẹnu mọ́ nígbà tí ọjà kò tà. Ẹni tó mú ọ̀rọ̀ agbòjò wá ló dá a lóhùn pé òun kò tíì gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí tó ju èyí lọ.

Mo ro àwọn òfin Màámi. Ohùn mi ti ń pe àdúgbò yẹn láti oṣù Kẹfà. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n. A kò sì fi ọjà pamọ́: lọ́jọ́ tí a mú, ètò náà ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ó kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù gbogbo ẹni tí nǹkan rẹ̀ ti ṣe tán. Ohùn nìkan ni a yọ kúrò.

Títí ọ̀sán, kò sí nǹkan kan. Ọ̀gá ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. Mo ti ń ro ohun tí mo máa kó sínú àpò ìrìnnà. Nígbà tó ṣe, a gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àkàbà. Aránbàtà tó fa ìwé mi ya ni, ó ṣì so aṣọ iṣẹ́ mọ́ àyà. Ó béèrè pé níbo ni ọmọbìnrin yẹn wà. Ó ní láti àárọ̀ ni àwọn oníbàárà òun ti ń bi òun pé kí lòun fi ṣe é. Pé ìyá arúgbó kan tí kò tilẹ̀ ní bàtà lọ́dọ̀ òun ní báyìí wá béèrè bóyá ara ọmọ náà kò yá. Mo dìde, mo ní èmi nìyí. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó mọ̀ mí, ó sì ní, "Ìwọ náà ni?" Ó jókòó, ó ní kí wọ́n gbé ìwé wá, òun fẹ́ rà á, ṣùgbọ́n kí ohùn náà padà sí i lọ́la.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni bàbá tó ń tún aago ṣe wá, lẹ́yìn tirẹ̀ àwọn mìíràn. Àdúgbò kejì ti ń béèrè. Mo ní kí a kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n mọ ohùn wa ná. Wọn kò ti yàrá wa pa. Ìwé ìgbélùú mi ti di ọ̀tun, ọdún méjì gbáko.

Ọ̀gá bi mí pé inú ìwé wo ni mo ti ka ọgbọ́n yẹn. Mo ní ìyá mi ta ọṣẹ. Ó rò pé àwàdà ni.

Bàbá, mi ò ní lè wálé lọ́dún yìí. Mo gbé bírò lọ́pọ̀ ìgbà, ìlà yìí ni kò jẹ́ kí n kọ ìyókù. Mo mọ ohun tí ẹ fi fún mi, mo sì mọ ohun tó ná yín. Èmi náà ti ń dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé tí mo ń gbé láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́.

Àbíkẹ́yìn yín.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejìlá

Àbíkẹ́yìn mi,

O kú oríire. Mo ka lẹ́tà rẹ fún Télọ̀ sókè, ó sì dákẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ló ní tó bá jẹ́ ohùn rẹ ni yóò máa pe àwọn oníbàárà òun, òun lè gbìyànjú láti máa rán apá aṣọ lásìkò.

Inú mi dùn, ojú mi kò sì gbẹ. Àwọn méjèèjì lè jókòó sórí àga kan. Ọdún méjì kò pọ̀ jù. Àjò kì í dùn kí onílé má relé; nígbà tí o bá ráyè, wàá wá. Dókítà ti wo etí mi. Ó ní èyí tó lọ ti lọ, ó kọ òògùn fún èyí tó kù.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Láti oṣù Kẹjọ títí lẹ́tà rẹ fi dé, ojoojúmọ́ ni mò ń jáde pàdé ọkùnrin tó ń kó lẹ́tà, títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ẹ̀yìn nítorí ojú mi. Máa kọ̀wé. Bí kò bá sí ìròyìn, kọ pé òjò rọ̀. Kọ pé ilé rẹ ń rùn bí ọ̀dà. Ohun tí o ṣe fún àwọn ará àdúgbò yẹn dára, ó sì tà, ṣùgbọ́n má fi ìdákẹ́ polówó fún èmi. Èmi ti rà á tipẹ́.

Bàbá rẹ.